Ọ̀dà Wúrà Lára Orúkọ Yun-moi

Odidi adìẹ sísè kan, tòun torí tòun tẹsẹ̀, ni Ìyá Yun gbé lórí àwo fífẹ̀ nígbà tí wọ́n dé iwájú ibojì ọkọ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ka-san, ọjọ́ tí wọ́n ń tún ibojì àwọn òkú wọn ṣe. Arlette, ọmọbìnrin wọn, ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tùràrí àti ife ọtí kéékèèké. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Uturoa, ní erékùṣù Raiatea, ló kún fún àwọn ará Hakka, àwọn ọmọ Ṣáínà tó tẹ̀dó síbẹ̀, lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń fa koríko tu, àwọn kan ń fọ òkúta, àwọn mìíràn ń to oúnjẹ síwájú àwọn tó ti lọ, àwọn ọmọdé sì ń yin báńgà lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nìkan ni Arlette ń wò. Láti ìdájí ló ti ń retí ìgbà tí wọn yóò rí òkúta náà, tí wọn yóò yíjú padà, tí wọn yóò sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyá Yun rí i. Àwo náà kọ́kọ́ fì sí apá kan, bí ẹni pé ọwọ́ kan gbàgbé pé òun ń gbé nǹkan. Lẹ́yìn náà ni adìẹ náà yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì yí gbirigbiri wọnú koríko.

"Ta ló pa mí?" ni wọ́n wí.

Wọn kò pariwo. Ohùn tí wọ́n fi ń béèrè ẹni tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ ni wọ́n fi béèrè rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó wà níbi ibojì tó sún mọ́ wọn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ràn kálẹ̀ lọ sí òkè àti ìsàlẹ̀ títí ẹnì kankan kò fi yin báńgà mọ́. Bàbá Tchen, tó ń mójú tó ilé ẹgbẹ́ àwọn Hakka, fi ọ̀pá rọra tẹ̀ wá síbẹ̀. Orúkọ méjì ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà: ti Lam Sin-fook, ọkọ, tó ti kú, àti ti Yun-moi, ìyàwó, tó ṣì wà láyé. Orúkọ méjèèjì ń kọ mànà nínú oòrùn. Bàbá Tchen ṣí fìlà kúrò lórí. Bí wọ́n ti rántí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú la ń ṣí fìlà fún, wọ́n sáré dé e padà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti rí i, Ìyá Yun pàápàá.

"Ta ni aláìmọ̀kan tó ṣe èyí?" ni Bàbá Tchen wí. "Wúrà! Wúrà fún ẹni tó ṣì ń mí! Pupa ni ti alààyè, ọjọ́ tó bá lọ la tó ń sọ ọ́ di wúrà. Ọmọ jòjòló wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Arlette kò mọ̀. Ibi tó dúró sí yẹn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tùràrí lọ́wọ́, ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òun ló kun orúkọ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ló ṣe é. Ó ra ọ̀dà wúrà agolo kékeré kan nílé ìtajà èlò ìkọ́lé, ó bá Tihoni, ọkùnrin Tàhítì tó ń gé koríko ibojì, gun òkè lọ, ó sì kúnlẹ̀ síwájú òkúta náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tínínrín. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀dà orúkọ bàbá rẹ̀ ti ṣí, ti ìyá rẹ̀ sì ti di pupa rẹ́súrẹ́sú bí irin tó dógùn-ún. Ní ọdún tí wọ́n gbé òkúta náà nàró, Arlette béèrè ìdí tí orúkọ ìyá òun fi pupa. Ìyá Yun gbá a lẹ́nu. Obìnrin tó ti tó ilé ọkọ ni Arlette nígbà náà, wọ́n sì gbá a lẹ́nu bí ẹni ń gbá ọmọ tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ jẹ. Kò béèrè mọ́. Nínú ilé wọn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ikú; ẹni tó bá kú ti rìnrìn àjò. Ẹnikẹ́ni kì í sì gún igi tínínrín méjì tí wọ́n fi ń jẹun ní òòró sínú abọ́ ìrẹsì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gún tùràrí níwájú òkú. Láàárín ọ̀pọ̀ ohun tí a kì í sọ yìí, Arlette fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ wá ìtumọ̀ fún pupa náà. Ó gbà pé ọ̀dà wúrà ló tán lọ́wọ́ agbẹ́kùúta lẹ́yìn tó parí orúkọ bàbá òun, tó sì fi ohun tó rí parí ti ìyá òun. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún láti ọdún wọ̀nyẹn wá.

Ìyá Yun sì tó sí wúrà lójú gbogbo erékùṣù Raiatea, kì í ṣe lójú ọmọ wọn nìkan. Erékùṣù Taha'a, ní òdìkejì ọ̀sà, ni wọ́n ti bí wọn, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí bàbá wọn, tó ti Ṣáínà wá roko olóko, fi ìyà kọ́. Kí wọ́n tó mọ orin kọ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń na fànílà, èso gígùn tínínrín olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ní òwúrọ̀, a ó tẹ́ èso náà sórí aṣọ nínú oòrùn. Bó bá gbóná tán, a ó fi aṣọ wé e, a ó tì í sínú àpótí kó lè làágùn. Lẹ́yìn èyí la ó fi àtàǹpàkò àti ìka méjì fa ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, títí òróró inú rẹ̀ yóò fi jáde sára. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù yóò fọ́ ọ. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, yóò hu funfun. Lam Sin-fook fi ọkọ̀ ojú omi wá ra fànílà tútù lọ́wọ́ bàbá wọn, ó rí ìka ọmọbìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wo fànílà mọ́. Títí tó fi kú ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ìka ló gbé níyàwó. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé orúkọ Ìyá Yun rí, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ láti erékùṣù Huahine kì í ta ẹrù fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá kí Ìyá Yun gbóòórùn rẹ̀. Bí ìyá náà bá wọ ọkọ̀ èrò, awakọ̀ yóò kí wọn kó tó bojú wẹ̀yìn, nítorí òórùn dídùn tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́.

Gègè ló wá mú wọn lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹyọ ekùrọ́ kan, ó sì wá ń ti ọ̀nà ọ̀fun pa díẹ̀díẹ̀, títí èémí wọn fi ń súfèé bí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Dókítà sọ ọ́ ní gbangba: bí wọn kò bá gé e kúrò, yóò fún wọn lọ́rùn pa. Odindi oṣù ni Arlette fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà. Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn Ka-san ni wọn yóò wọ bàálù lọ sí Papeete, olú-ìlú, fún iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyí tí Arlette fi fẹ́ kí ibojì náà rẹwà, kí ọkàn ìyá òun lè balẹ̀.

Ọkàn náà kò balẹ̀. Nígbà tí Arlette ti ẹnu iṣẹ́ dé ní ọjọ́ Ajé, ó bá aṣọ dúdú lórí dígí inú pálọ̀. Ilé tí òkú bá wà la ti ń bo dígí. Ó rí aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n ti rán pamọ́ láti ìgbà pípẹ́, lórí okùn nínú àgbàlá, tí wọ́n sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fànílà. Ìyá Yun jókòó sórí ìjókòó kékeré, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá.

"Màámi, ẹ ò nà á lónìí?"

"Fànílà kì í fẹ́ ọwọ́ òkú. Á bu."

"Ẹ dákun, ẹ má sọ̀rọ̀ báyìí. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ o."

"Ìwọ ni kó o lọ. Ta ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún òkú?"

"Dókítà ní—"

"Dókítà ò tíì rí òkúta mi ni. Ẹni tó bá ti ní wúrà lára orúkọ, tó wá lọ na ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ, ṣé o rò pé ó máa jí? Ilé mi ni mo ti fẹ́ kó bá mi."

Arlette wọ ilé ìdáná, ó ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ pé òun ń sunkún. Bí òun bá dákẹ́, ìyá òun kò ní wọ bàálù, gègè náà yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ìyá òun yóò mọ̀ pé ọmọ tí òun bí ló kọ òun mọ́ àwọn òkú. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ẹ̀rù sì ń bà á ní ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tó jáde sí àgbàlá, tó ṣí àpótí fànílà, ó rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti hu funfun bí òwú. Ìyá rẹ̀ na ọrùn wò ó láti orí ìjókòó.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí, ìtẹ́lọ́rùn burúkú kan sì wà nínú ohùn wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Tchen wá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ènìyàn sì fẹnu kò pé Tihoni ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì, Tihoni ni yóò sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Wọn kò tíì mu tíì tí wọ́n gbé fún wọn tán tí Tihoni fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé agbọ̀n kókò sí èjìká.

"Ìyá Yun, mo gbọ́ pé ẹ ti kú," ni ó wí. "Mo ní kí n gbé kókò wá wò ó. Bí òkú ò bá lè jẹ ẹ́, ẹ pè mí, mo máa ń bá èèyàn jẹun."

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Yun ìbá ti sọ bàtà lù ú, wọn ìbá sì ti bu ìrẹsì fún un. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n kàn tẹjú mọ́ ọn ni.

"Tihoni, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó wo Bàbá Tchen. Ó wo Arlette, tó dúró lẹ́bàá dígí tí wọ́n bò. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi, Ìyá."

"Ta ló wọlé síbẹ̀?" ni Bàbá Tchen béèrè. "Sọ ọ́! Àbí ìwọ lo ṣe é? Ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?"

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lóòótọ́," ni Tihoni wí. Ó yọ ọ́ lára ìgbànú, ó rọra fi í lé orí tábìlì, ó sì jáde.

Arlette bá a ní ojú ọ̀nà. "Kí ló dé tó ò sọ pé èmi ni?"

"Ṣé èmi ni mo bí ẹ?" Tihoni kò dúró. "Orí ibojì bàbá ẹ ni mo ti ń gé koríko láti ọjọ́ yìí. Mi ò fẹ́ kó máa wò mí bí ẹni tó tú àṣírí ọmọ rẹ̀. Ẹnu ẹ ló yẹ kí ìyá ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ṣe kíá, jàre, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn."

Arlette padà sínú ilé. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Màámi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo kùn ún. Èmi ni mo ra ọ̀dà. Koríko ni Tihoni ń gé ní tiẹ̀."

Tíì dà sórí ṣòkòtò Bàbá Tchen, wọn kò sì nù ún. Èémí Ìyá Yun ń súfèé, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Orúkọ ta lo kọ́kọ́ kùn?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní orúkọ ta lo kọ́kọ́ kùn? Tèmi, àbí ti bàbá rẹ?"

Arlette ìbá purọ́, bó bá mọ èwo nínú ìdáhùn méjèèjì ló sàn jù. "Tiyín ni. Àánú yín ló ṣe mí. Mo rò pé ọ̀dà ló tán nígbà yẹn. Mo ní ẹ̀yin náà tó sí wúrà."

"Tèmi," ni Ìyá Yun tún sọ. "Kó o tó fọwọ́ kan ti ẹni tó ti lọ." Wọ́n di etí ìjókòó mú. "Ká ní ọ̀tá ló ṣe é ni, ǹ bá bá a jà. Ǹ bá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ǹ bá bú u títí tí gbogbo èbúté á fi gbọ́. Ọmọ mi ló wá fi ìfẹ́ ṣe é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ìyẹn jà? Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Mo bi yín nígbà kan. Ẹ gbá mi lẹ́nu."

Ó pẹ́ kí ìyá náà tó rántí. Nígbà tí wọ́n rántí, wọ́n na ìka dúdú olóòórùn dídùn wọn, wọ́n fi kan ètè ọmọ náà.

"Mi ò fẹ́ kí ó gbọ́ orúkọ mi ni," ni wọ́n wí. Wọn kò dárúkọ ikú tí kò yẹ kó gbọ́.

Arlette yíjú sí Bàbá Tchen. "Bàbá, ṣé a ò lè fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò?"

"Họ kí ni? Orúkọ ẹni tó wà láàyè lo fẹ́ fi ọ̀bẹ họ kúrò lára òkúta? Èyí tó o ṣe ò tíì tó ọ?"

"Ká kun pupa lé e ńkọ́?"

Bàbá Tchen gbé ife tíì sílẹ̀. "Mo ti rí pupa tó di wúrà. Ó ti pọ̀ tí mo ti rí. Mi ò tíì rí wúrà tó di pupa rí."

"Ṣé èèwọ̀ ni?"

"Mi ò ní èèwọ̀ ni. Mo ní mi ò rí i rí."

Ìdáhùn yìí ba Arlette lẹ́rù ju èèwọ̀ lọ. Bàbá Tchen wá sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá máa kùn ún, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ tó kun wúrà. Ìyá Yun dìde.

"Ọwọ́ mi ni," ni wọ́n wí. "Bó bá gbẹ, tó dúró bẹ́ẹ̀, mo máa wọ bàálù náà. Bó bá ṣàn kúrò, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ Papeete fún mi."

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni Ìyá Yun, Arlette àti Bàbá Tchen gun òkè náà. Tihoni, tó ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà láìsí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, gbé tapólì lọ́wọ́, nítorí pé ìkùukùu ti ń ṣú bọ̀ láti ìhà Taha'a. Ìyá Yun kò lọ sílé ìwé rí. Bí ènìyàn ti ń mọ ojú ẹni ni wọ́n ṣe mọ orúkọ wọn. Wọn kò kọ ọ́ rí láyé wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìka wọ inú ibi tí wọ́n gbẹ́, wọ́n fà á láti orí dé ìdí, ilà kan tẹ̀ lé èkejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fa fànílà, títí ọwọ́ fi mọ ọ̀nà. Nígbà náà ni wọ́n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa. Arlette kò lè wò ó, kò sì lè gbójú kúrò. Bí ilà kan bá ti pupa, wúrà tó kù yóò túbọ̀ máa tàn, bí ojú tí kò fẹ́ pa dé. Ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣàn kúrò lára orúkọ wọn, ó kọrí sí ti Lam Sin-fook. Àtàǹpàkò Tihoni ló gbá a mú.

"Ẹ rọra, Ìyá. Ẹ fi bàbá sílẹ̀, ó ti gba tiẹ̀."

Ilà ìkẹyìn ni wọ́n ń fà lọ́wọ́ tí òjò fi já.

Arlette, Tihoni àti Bàbá Tchen na tapólì sókè orí òkúta náà. Òjò ń kù lórí rẹ̀, omi ń ya wọnú bàtà wọn. Bàbá Tchen, tí kò lè dúró láìsí ọ̀pá, ju ọ̀pá náà sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ọwọ́ méjèèjì mú igun tiwọn. Atẹ́gùn fẹ́ tapólì náà, ó rọ̀ sísàlẹ̀, kò ku ju ìbú ọwọ́ kan lọ kó kan ọ̀dà náà. "Ẹ fà á!" ni Arlette ń ké. "Bàbá, ẹ fà á!" Lábẹ́ rẹ̀, Ìyá Yun kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n sún ẹnu mọ́ òkúta, wọ́n sì ń fi ìwọ̀nba èémí tí gègè fi sílẹ̀ fún wọn fẹ́ ọ̀dà náà. Arlette ń gbọ́ súfèé rẹ̀. Bí súfèé náà bá dáwọ́ dúró díẹ̀, èémí tirẹ̀ náà a dáwọ́ dúró.

Nígbà tí òjò dá, apá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ìyá Yun fi ìka tẹ orúkọ náà, wọ́n sì gbé ìka náà sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dà kò ràn án.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọ bàálù. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ìka náà mú. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ pa dé, Arlette bá ara rẹ̀ tó ń fi ìka fa etí àga láti orí dé ìdí, kò sì jáwọ́ títí wọ́n fi jáde wá pè é pé ìyá rẹ̀ ti lajú.

Ohùn Ìyá Yun kò padà bọ̀ sípò tán. Ó há, àwọn àgbẹ̀ sì ń ṣàwàdà pé kò sí ẹni tó lè ná ọjà lọ́wọ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń halẹ̀. Wọ́n tún na fànílà fún ọdún pípẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ka-san, kí ẹnikẹ́ni tó gbé adìẹ sílẹ̀, wọn yóò jókòó síwájú òkúta náà, wọn yóò sì tún orúkọ wọn kùn ní pupa, bó ṣì mọ́ bí kò mọ́. Wọn kò jẹ́ kí Arlette di agolo ọ̀dà náà mú rí. Wọn kò bínú sí i. Ẹ̀rù ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà wọ́n, òun náà sì mọ̀.

Nígbà tí Ìyá Yun rìnrìn àjò, nínú oorun wọn, nínú ilé wọn, Arlette gun òkè náà lọ láti ṣe ohun tó yẹ. Tihoni, tí irun rẹ̀ ti funfun, ṣí géètì fún un.

"O gbàgbé ọ̀dà wúrà sílé," ni ó wí. "Ṣé kí n sáré lọ rà á?"

"Mi ò gbàgbé rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ pupa náà. Ó nípọn, ọdún lórí ọdún ló wà níbẹ̀, ó sì ń ṣí bí èèpo. Tihoni bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a gbá èyí tó ṣí kúrò. Lábẹ́ pupa tó kẹ́yìn, ó yọ sí wọn, kò ṣá, kò yí padà: wúrà tí òun fúnra rẹ̀ kùn síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọjọ́sí. Ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń dúró de Ìyá Yun.